Ìpàdé Ẹbí Ló Ṣáájú Káfíńtà: Bí Àtúnṣe Ilé Àgùdà Ṣe Ń Lọ ní Èkó

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń pa àwọn ilé àtijọ́ tó kù ní Erékùṣù Èkó, ní Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos, ní Bamgbose, ní Tokunboh àti ní Kakawa. Igi ìrókò tó gbé àjà wọn ró lè tún lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí omi ò bá kàn án. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé àwọn tó ni wọ́n kò gbé inú wọn mọ́, wọn ò sì tíì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àtúnṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ ní láti kọ́kọ́ mọ bí ilé ẹbí ṣe rí lábẹ́ òfin, kó tó kan ọ̀rọ̀ káfíńtà àti bíríkìlà.

Àwọn Àgùdà, tí wọ́n tún ń pè ní Àmàrò, ni àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil àti Kúbà padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ wọn gbéra lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Salvador, ní Bahia, ní ọdún 1835, tí ayé wá ṣú mọ́ gbogbo ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀: iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ ọnà ara ògiri. Ilé tí wọ́n kọ́ kò dà bí agbo ilé tó yí àgbàlá ká. Ojú rẹ̀ kọ sí títì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, àgbàlá, ilé ìdáná àti kànga sì wà lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Kakawa, ilé João Esan da Rocha ṣì dúró. Ilé Omi ni wọ́n ń pè é, torí pé kànga rẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé.

Báwo ni àwọn onílé ṣe wá fi irú ilé báyìí sílẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kiri wọ Èkó ní àwọn ọdún 1920, ìyẹn ló mú ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àtúntò ìlú sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tí wọn ò wó ilé tiwọn náà ń ṣí lọ nígbà tó yá: àwọn ọmọ kọ́lé sí Ìkẹjà, sí Fẹ́sítáàkì, àwọn mìíràn gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ìsàlẹ̀ ilé wá di ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkẹ́rùsí, òkè rẹ̀ di ti ayálégbé. Títì kún fún èrò láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n àwọn onílé ò sí nílé. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé ló ń gbọ́ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ayálégbé á gbé báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò ni, kò ní pe káfíńtà, torí ilé kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Bí ẹni tó kọ́lé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀, ilé náà di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Kò sí ọmọ kan tó lè nawọ́ sí yàrá kan kó ní òun lè tà á. Dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin tó dàgbà jù, ló ń ṣe olórí ẹbí, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, sì ní àgbà tó ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí ọmọ ẹbí lásán bá ta ilé náà láìsí olórí ẹbí, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìfi ti àwọn àgbà ìdí-igi ṣe, ilé ẹjọ́ lè yí i padà. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908 lórí ilé ẹbí Mabinuori, olóyè tó kú ní 1874, tún fi hàn pé bí Dáwódù bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù láàárín àwọn tó kù ni ipò olórí kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ó dára kí àwọn ẹbí tó ń fi àwọn ìyá àgbà wọn sẹ́yìn níbi ìpàdé rántí èyí.

Òfin yìí ń dáàbò bo ilé, ó sì tún ń pa á lára. Ó ń dáàbò bò ó torí pé oníkánjúwà kan ò lè dá a tà. Ó ń pa á lára torí pé nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ bá ti di ọgọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n fọ́n káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá náwó sórí ohun tí gbogbo wọn jọ ni. Bí wọn ò bá rẹ́ mọ́, ọ̀kan nínú wọn lè gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n pín in, bí kò bá sì ṣeé pín, kí wọ́n tà á kí wọ́n pín owó. Ẹni tó bá rà á kò ra ilé, ilẹ̀ ló rà. Bákan náà ni kọ́ńtíráktọ̀ tó wá sọ pé kí ẹbí jẹ́ kóun wó o, kóun kọ́ ilé alájà mẹ́rin síbẹ̀, kóun gba owó yàrá fún ọdún báyìí-báyìí kóun tó dá a padà. Àwọn kan á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Èyí tó ń rọ́pò rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin tí kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ti àkọ́kọ́ kò sì ní padà wá mọ́.

Nítorí náà, ìpàdé tó bá fẹ́ gba ilé là gbọ́dọ̀ yanjú nǹkan mélòó kan kí wọ́n tó ra ìṣó kan ṣoṣo. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìdí-igi sílẹ̀. Kí wọ́n yan àwọn díẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ síwèé lórúkọ gbogbo ẹbí. Kí owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ máa wọ àkáǹtì kan, kí wọ́n yọ ti àtúnṣe kúrò kí wọ́n tó pín ìyókù. Nínú àwọn ẹbí Àgùdà tó jẹ́ Kátólíìkì, Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí fẹ̀jọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, máa ń kó tọmọdé tàgbà jọ, jẹ́ àkókò tó dára fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ńkọ́? Àjọ tó ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí òfin 1979 gbé kalẹ̀, lè kéde ilé kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wó o tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìkéde nìkan kì í tún òrùlé ṣe. Ilé Ilojo Bar ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìwé ò lè dá dúró fún ilé.

Nígbà tí ẹbí bá ti fẹnu kò, iṣẹ́ ọwọ́ lè wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilé á kọ́kọ́ wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti òdòdó kọ̀ọ̀kan tó wà lára ògiri, kí ohun tó bá jábọ́ nígbà iṣẹ́ lè ṣeé dá padà. Wọ́n á fi igi gbe ibi tó ti ń yẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà, òrùlé ló kàn, kì í ṣe ọ̀dà ojú ilé, bó ti wù kí ojú àwọn ẹbí máa kán láti rí ẹwà. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní iyọ̀, ó ń tètè dípẹtà sí páànù àti ìṣó, ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ló sì máa ń kọ́kọ́ jò. Bí òkè bá ti gbẹ, ìdajì àrùn ilé ti lọ.

Igi ló tẹ̀ lé e. Ìpọ́njú rẹ̀ máa ń wà ní orí rẹ̀ tó wọ inú ògiri, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń bá a. Igi tó bá tutù pẹ́ á hu olú, á sì jẹrà. Ikán náà á mọ ọ̀nà amọ̀ tóóró gba ara ògiri gòkè wá bá a. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ kì í yọ gbogbo igi náà dànù. Á fi ọ̀bẹ gún un láti mọ ibi tí ìjẹrà dé, á gé ibẹ̀ kúrò ní dídà gẹ̀rẹ̀, á wá fi irú igi kan náà tó ti gbẹ dáadáa so mọ́ ọn, pẹ̀lú bóòtù tàbí èèkàn igi. Á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ yí orí igi ká nínú ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀. Ìrókò, apá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí jẹ. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí yóò lọ́ nígbà tó bá ń gbẹ.

Ògiri ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe tó burú jù. Amọ̀ tàbí bíríkì sísun ni ọ̀pọ̀ ògiri wọ̀nyí, ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun inú ọ̀sà ni wọ́n sì pò mọ́ iyanrìn láti fi rẹ́ ẹ. Omi inú ilẹ̀ kò jìn ní Erékùṣù Èkó, ó ń gba ìdí ògiri gòkè lójoojúmọ́. Ẹfun ń jẹ́ kó jáde, kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ dànù. Bí wọ́n bá wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni wọ ẹ̀wù rọ́bà nínú oòrùn ọ̀sán: omi ò ríbi gbà jáde. Amọ̀ á rọ̀ nínú, iyọ̀ á hu síta, sìmẹ́ńtì á wú, á sì jábọ́ pẹ̀lú apá kan ògiri. Àwọn ènìyàn á ní ilé ti gbó, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n ṣe ló bà á jẹ́.

Ẹfun gba sùúrù. Bí wọ́n bá da omi sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, yóò hó, yóò gbóná, ó lè bọ́ awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kì í ṣe àṣejù. Wọ́n á fi í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè rọ̀ bí ìpara kí wọ́n tó lò ó. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Kì í le kíákíá bíi sìmẹ́ńtì, torí inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa ohun tó ń sọ ọ́ di òkúta padà. Ọ̀dà ẹfun ni wọ́n á fi kùn ún gbẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀dà onírọ́bà tó tún ń dí i.

Pé ó ṣeé ṣe hàn ní Èbúté-Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, níbi tí Jaekel House wà. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìdáàbòbò ilé àtijọ́, àti iléeṣẹ́ rélùwéè jọ tún un ṣe, ó sì di ibi tí wọ́n ń kó ohun ìrántí rélùwéè sí. Èyí rọrùn díẹ̀ torí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ín, kò sí ìdí-igi mẹ́fà tó ń jiyàn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, owó tó kéré ni ilé ń fẹ́ lọ́dọọdún bí wọ́n bá ń ná an lásìkò. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kí ẹnì kan gun òkè lọ kó gbá ewé kúrò nínú gọ́tà, kó wo ìṣó páànù, kó sì wo ìdí ògiri bóyá ikán ti mọ ọ̀nà síbẹ̀. Kí kùdìẹ̀kudiẹ tó bá rí wọnú ìwé ẹbí, kí káfíńtà sì dé kí òjò oṣù kẹfà tó bẹ̀rẹ̀.