Bí wọ́n ṣe ń fi API darí pipeline lórí AWS

Kóòdù tuntun kì í ti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fà á jáde níbi tí wọ́n ń kó kóòdù pa mọ́ sí, wọ́n á kọ́ ọ di odindi, wọ́n á dán an wò, ó sì lè gba pé kí ẹnì kan fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ètò tó ń to àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ̀ léra, tó sì ń ṣe wọ́n láìsí pé èèyàn jókòó tì í, ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní pipeline. Lórí AWS, ìyẹn ibi tí Amazon ti ń fi kọ̀ǹpútà háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀kan tó ń jẹ́ CodePipeline, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé lọ́dún 2015. Ojú ìwé tó ní bọ́tìnnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ API ni ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn àkójọ àwọn ìpè tí ètò kọ̀ǹpútà kan lè fi rán òmíràn níṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn bá kọ fúnra rẹ̀ náà lè bá API yẹn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni agbára tòótọ́ wà fún ẹni tó ní pipeline tó ju méjì mẹ́ta lọ.

Ohun kan ló yẹ kó kọ́kọ́ yéni nípa API yìí: ìpè tó ń yí bí pipeline ṣe rí padà yàtọ̀ pátápátá sí ìpè tó ń darí ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò fún àwọn èèyàn ní àṣẹ tí kò tọ́ sí wọn, ìdáhùn API yóò sì máa rú u lójú.

Ẹ jẹ́ ká mú bí pipeline ṣe rí. Lójú API, ọ̀rọ̀ JSON lásán ni pipeline, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè kà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi ìkópamọ́ S3 tó ń lò wà níbẹ̀, role, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ìpele rẹ̀. Ìpele kò gbọ́dọ̀ dín sí méjì, iṣẹ́ tó ń fa kóòdù wá nìkan ló sì lè wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Nínú ìpele kan, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní runOrder ló ń sọ èyí tó ṣáájú. Iṣẹ́ méjì tí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba yóò bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ohun tí iṣẹ́ kan bá ṣe jáde, S3 ló ń gbé e sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó kàn yóò ti mú un. Nítorí náà, orúkọ tí ìkíní fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà tí ìkejì ń retí.

CreatePipeline ló ń dá a sílẹ̀, DeletePipeline ló ń pa á rẹ́. UpdatePipeline ló gba sùúrù jù. Kò sí pé èèyàn fẹ́ yí ìlà kan péré kó sì fi ìlà yẹn nìkan ránṣẹ́: odindi ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ohun tí èèyàn bá sì gbàgbé láti kọ sínú rẹ̀ ti kúrò nínú pipeline nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi GetPipeline gba èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n á yọ apá tó ń jẹ́ metadata kúrò nítorí UpdatePipeline kì í gbà á, wọ́n á ṣe àtúnṣe wọn, wọ́n á wá dá a padà. Nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ yóò fi 1 lé sí i. GetPipeline sì lè mú ẹ̀dà àtijọ́ jáde tí èèyàn bá sọ nọ́ńbà rẹ̀, èyí tó wúlò gan-an lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá di wàhálà. Àmọ́ o, bí kóòdù kan bá ń lọ lọ́wọ́ nínú pipeline nígbà tí UpdatePipeline dé, ìrìn yẹn yóò dúró, wọ́n á sì ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Kò dára kí èèyàn máa ṣe àtúnṣe lójú ọjà. Ibi tó yẹ kí JSON yẹn máa gbé ni inú Git, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, pẹ̀lú kóòdù yòókù, kí ojú ẹlòmíràn lè kàn án kó tó lọ.

Nípa ti ìrìn, StartPipelineExecution ló ń tì í lọ, ó sì máa ń dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìrìn náà padà. Kí èèyàn tọ́jú nọ́ńbà yẹn. GetPipelineState ń sọ ohun tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan báyìí, ìrìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè wà ní ìpele mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí kóòdù tirẹ̀ dé, GetPipelineExecution pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn ni kó pè.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn èèyàn kọ ti máa ń há. Ìrìn kan ṣoṣo ló lè wà nínú ìpele kan lẹ́ẹ̀kan, bí wọn ò bá yí ìlànà náà padà. Ká ní ìrìn àkọ́kọ́ wà nínú ìdánwò, èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ̀kẹta bá dé, kò ní tò sẹ́yìn èkejì, yóò gba ipò rẹ̀ ni. Èkejì yóò di Superseded, kò sì ní lọ síwájú mọ́. Ó bọ́gbọ́n mu, torí kóòdù ẹ̀kẹta ti máa ń ní ti èkejì nínú. Ṣùgbọ́n ètò tó jókòó tó ń retí Succeeded tàbí Failed nìkan yóò retí títí. Ó gbọ́dọ̀ mọ Superseded, Stopped àti Cancelled náà. Irú pipeline tó ń jẹ́ V2, tó dé ní 2023, ti fún èèyàn láyè báyìí láti yan pé kí àwọn ìrìn tò lẹ́sẹẹsẹ, tàbí kí wọ́n máa lọ pọ̀ láìdúró de ara wọn.

Láti dá ìrìn dúró, StopPipelineExecution wà. Èèyàn lè ní kí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ parí ná, ó sì lè ní kí wọ́n pa á tì síbẹ̀. Pípatì yìí léwu bó bá jẹ́ pé sáfà ni wọ́n ń gbé nǹkan lé lọ́wọ́, torí ó lè kù sí àárín. Èyí tó rọrùn jù ni DisableStageTransition, tó ń ti ọ̀nà tó wọ ìpele kan, tó sì ń béèrè ìdí. Kí wọ́n kọ ìdí gidi síbẹ̀, nítorí òun ni ẹlòmíràn yóò kà nígbà tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí kóòdù òun ò lọ. EnableStageTransition ló ń ṣí i. Bí ìpele kan bá kùnà, RetryStageExecution lè tún kìkì iṣẹ́ tó kùnà ṣe, tàbí gbogbo ìpele náà látìbẹ̀rẹ̀.

Ìfọwọ́sí náà ní ìpè tirẹ̀, PutApprovalResult. Kò ṣeé pè láìní tóókìnì, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà fún ìfọwọ́sí kan ṣoṣo, inú ìdáhùn GetPipelineState ni wọ́n sì ti ń rí i. Tóókìnì yẹn ló ń jẹ́ kó dájú pé ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe èyí tó ti kọjá lánàá. Bí wọn ò bá yan àkókò mìíràn, tí ọjọ́ méje bá kọjá láìsí èsì, ó ti kùnà nìyẹn. Nítorí pé ìpè ni, ètò kọ̀ǹpútà lè fọwọ́ sí i dípò èèyàn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pinnu pé ojú èèyàn gbọ́dọ̀ kàn án, àṣẹ PutApprovalResult kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ètò náà, kò sì gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ẹni tó kọ kóòdù.

IAM, apá AWS tó ń bójú tó àṣẹ, ni wọ́n fi ń pín irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ya ìpè kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Gbogbo ìpè ló ń gba ìbuwọ́lù tí wọ́n ń pè ní Signature Version 4, tí àkókò wà nínú rẹ̀, débi pé kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ bá fi bí ìṣẹ́jú mélòó kan yẹ̀ lè rí i pé wọ́n kọ ìpè òun. Ẹni tó lè pe StartPipelineExecution kò lè yí bí pipeline ṣe rí padà, kóòdù ló kàn lè gbé gba inú rẹ̀ kọjá. Ti UpdatePipeline kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pipeline ń fi agbára role rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì lè tún un tò lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ bọ inú rẹ̀, kí iṣẹ́ ọ̀hún máa lo agbára yẹn. Àwọn tí wọ́n á fún ní UpdatePipeline àti iam:PassRole, ìyẹn àṣẹ láti fa role lé pipeline lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ kéré níye.

Bí ètò bá ń pe API lemọ́lemọ́ láti béèrè pé ó ti parí àbí kò tíì parí, AWS yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìpè rẹ̀ padà. EventBridge, apá AWS tó ń pín ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ló sàn fún ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ìrìn, ìpele tàbí iṣẹ́ bá yí ipò padà, CodePipeline ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìrìn náà. Ètò lè máa gbọ́ ìròyìn Failed nìkan, kó mú nọ́ńbà yẹn, kó fi ListActionExecutions wo iṣẹ́ tó kùnà, kó sì fi ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni kóòdù náà.