Kòkó ilẹ̀ Yorùbá nínú òwò àgbáyé

Kò sí irè oko tó so àgbẹ̀ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ọjà London, Amsterdam àti New York tó kòkó. Igi ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Erékùṣù Fernando Po, tó ń jẹ́ Bioko lónìí, ni irúgbìn rẹ̀ gbà dé etíkun Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1870. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò kan ní Èkó, dá oko kòkó sí Ìjọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lóko wọn kó irúgbìn lọ sílé, àwọn oníwàásù náà sì ń tan ìmọ̀ rẹ̀ kálẹ̀, títí ó fi gba agbègbè Ìbàdàn, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò dúdú ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni ìjọba amúnisìn tó dé sí i.

Igi kòkó a máa bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún 3 sí 5, ó sì lè máa so fún ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ló yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ padà. Bí ilẹ̀ iṣu tàbí àgbàdo bá ṣá, àgbẹ̀ á fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó bá gbin kòkó ti gba ilẹ̀ yẹn dọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn àti apá Ọ̀ṣun tó lọ wá igbó sí Ifẹ̀ àti Oǹdó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ yìí sì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Láyé àtijọ́, ènìyàn ni wọ́n ń fi ṣe ìwọ̀fà nítorí owó yíyá. Nígbà tó yá, oko kòkó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi dógò: ẹni tó yáni lówó á máa ká kòkó náà títí olóko yóò fi san gbèsè. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ilẹ̀ Ígbírà, Àgátú àti orílẹ̀-èdè Benin, ẹlòmíì nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ oko olóko gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n bá ká.

Ohun tí ọjà òkèèrè ń béèrè ló ń pàṣẹ iṣẹ́ lóko. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́ èso tó pọ́n, hóró tútù á wọ inú agbọ̀n tàbí àpótí, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 sí 7. Inú rẹ̀ a máa gbóná dé nǹkan bí 45 sí 50 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á sì máa yí i ní ọjọ́ méjì-méjì kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀: hóró tí wọn kò bò dáadáa máa ń ní àwọ̀ eérú nínú, ó sì máa ń korò. Lẹ́yìn náà ni sísá, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú oòrùn, títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 7.5%. Tí omi bá ju 8% lọ, kòkó lè bu lórí omi kó tó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá sá a sí etí títì ọlọ́dà, tàbí tó fi iná igi yan án kó lè tètè gbẹ, ti fi òórùn èéfín àti epo sínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kankan tó lè yọ ọ́ dànù tán. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n á la 300 hóró sí méjì: kòkó onípò kìíní kò gbọdọ̀ ní ju 3% tó bu lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú kò gbọdọ̀ ju 3%. Àpò 16 tó wọn kílò 62.5 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan.

Iye tí wọn yóò ra tọ́ọ̀nù yẹn kì í ti oko wá. Ọjà London ń ná an ní pọ́n-ùn, ti New York ń ná an ní dọ́là. Côte d'Ivoire àti Ghana ló ń mú nǹkan bí ìdajì kòkó àgbáyé jáde, nítorí náà bí òjò tàbí àrùn bá ba tiwọn jẹ́, owó kòkó ní Ìdànrè á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2024: tọ́ọ̀nù kan, tó wà ní nǹkan bí dọ́là 2,600 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kọjá dọ́là 12,000 ní oṣù Kejìlá 2024. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba Nàìjíríà ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye rẹ̀, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan sì lọ láti nǹkan bíi náírà 460 dé òkè 1,400 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èrè méjì ló pàdé lọ́wọ́ àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2025, owó ọjà àgbáyé já wálẹ̀ gidigidi.

Ta ló dúró láàárín owó òkèèrè àti àgbẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ti yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi United Africa Company ni. Ní 1937 wọ́n fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó; àwọn àgbẹ̀ Gold Coast (Ghana òde òní) kọ̀ láti tà fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dá awuyewuye sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba dá Máàkẹ́tíìn Bọ́ọ̀dù kòkó, àjọ tó ń ra kòkó tà sókè òkun, sílẹ̀ ní 1947, ó sì di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 1954. Bọ́ọ̀dù ń fi iye kan lélẹ̀ fún àgbẹ̀, ó sì ń pa ìyókù mọ́. Wọ́n ní owó náà wà fún ìgbà tí ọjà bá kú, àmọ́ ìjọba ẹkùn ń ná púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó kòkó gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ró ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun náà ló kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tó parí ní 1965, tó ga tó mítà 105. Àgbẹ̀ ló san án. Nígbà tí owó orí wúwo tí owó kòkó kò sì tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969. Ìjọba sì dín owó orí kù.

Ní 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ìjọba pa àwọn bọ́ọ̀dù rẹ́. Owó ọwọ́ àgbẹ̀ lékè, àmọ́ àyẹ̀wò dẹ̀. Àwọn alágbàtà ń sáré ra kòkó tí kò tíì gbẹ, torí náírà ń já wálẹ̀, kòkó sì jẹ́ ọ̀nà láti ní dọ́là nílẹ̀ òkèèrè. Nítorí èyí, àwọn olùrà òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lórí kòkó Nàìjíríà. Títí di òní, kò sí iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Ghana àti Côte d'Ivoire ṣì ń fi tiwọn lélẹ̀, wọ́n sì fi dọ́là 400 kún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láti àsìkò 2020/21 fún àǹfààní àgbẹ̀.

Owó-ibodè náà ní ọwọ́ nínú ìdí tí kòkó fi ń lọ ní hóró. Hóró Nàìjíríà ń wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìsan nǹkan kan. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà, bọ́tà kòkó ń san 4.2%, èyí tó kúnná láìtíì yọ bọ́tà sì ń san 6.1%. Ti Ghana àti Côte d'Ivoire kì í san án, nítorí pé wọ́n ti bá Yúróòpù ṣe àdéhùn òwò tí Nàìjíríà kò fọwọ́ sí.

Òfin Yúróòpù ti 2023 lórí pípa igbó run fi ẹrù tuntun kún un. Kòkó tó bá ti inú oko tí wọ́n gé igbó dá lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò ní lè wọlé, olùtajà sì gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà hàn: ojú kan lórí máàpù fún oko kékeré, ààlà rẹ̀ yíká fún èyí tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú. Ibi tó ti nira jù ni inú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin pa mọ́, bíi Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ti ń gbin kòkó láìní ìwé ilẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà abúlé tó ń da kòkó oko púpọ̀ pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo.