Ìwádìí lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa Òkè Graham

Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa Òkè Graham (Tamiasciurus fremonti grahamensis) jẹ́ ẹ̀yà ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí àwọn Òkè Pinaleño, ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. J. A. Allen ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1894. Kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò.

Òkè Graham, tó ga jù nínú àwọn òkè náà, ga tó mítà 3,267. Aṣálẹ̀ ló yí ìdí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tutù débi tí igi páìnì, sprúùsì àti fírì fi ń hù níbẹ̀. Nígbà tí ayé ń móoru lẹ́yìn ìgbà yìnyín, igbó tútù náà ń sún gòkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì ń bá a lọ, títí tó fi há sórí òkè bí ará erékùṣù. Ibi mímọ́ ni òkè náà jẹ́ fún àwọn Apache, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ti run. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún rí i. Ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ ẹranko tó fẹ́ run ní 1987. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin kan gba Yunifásítì Arizona láyè láti gbé ẹ̀rọ awòràwọ̀ sórí òkè náà, awuyewuye sì pọ̀ lórí rẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló mú un ní dandan kí wọ́n máa ṣọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ náà.

Àkìtàn ni ìwádìí yìí rọ̀ mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á jókòó síbì kan, á máa bó ìpẹ́ èso sprúùsì bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí, á jẹ kóró inú rẹ̀, á ju èèpo sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á jogún ibẹ̀, òkìtì náà á sì máa ga sí i. Inú rẹ̀ tutù, ó sì lọ́rinrin, nítorí náà èso tútù tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá rì síbẹ̀ kì í là, kóró rẹ̀ kì í sì í dànù. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ló ń ni àkìtàn kan. Igbe ló fi ń lé àlejò.

Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Olùwádìí kò tilẹ̀ nílò láti wòkè: ìpẹ́ tuntun lórí òkìtì, tàbí olú tí ọ̀kẹ́rẹ́ sá sórí ẹ̀ka, ti tó láti fi hàn pé onílé ṣì wà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ dáadáa, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń tàn án wọ pàkúté tí kì í pani. Wọ́n á dà á sínú àpò aṣọ ẹlẹ́nu tóóró, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi àmì aláwọ̀ sí i létí. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ rédíò kékeré sọ́rùn àwọn kan kí wọ́n lè tọpa wọn.

Kòkòrò ti ba ọ̀pọ̀ sprúùsì jẹ́ kí mànàmáná tó dá iná igbó tí wọ́n ń pè ní Frye sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2017. Ọ̀kẹ́rẹ́ 252 ni wọ́n kà ní 2016. Lẹ́yìn iná, ó ku 35. Ní 2020, wọ́n ti lé ní 100. Ọ̀kẹ́rẹ́ Abert, ẹ̀yà mìíràn tí ènìyàn kó wá sórí òkè náà ní àwọn ọdún 1940, ń bá wọn du oúnjẹ. Òun kì í ní àkìtàn tirẹ̀. A máa jí ti ẹlòmíràn jẹ.