Bí ọfà Cao Cao ṣe dọ́wọ́ Zhuge Liang

Ogun tó wà nínú Sanguo Yanyi, ìyẹn Ìtàn Ìjọba Mẹ́ta ti ilẹ̀ Ṣáínà, jà lóòótọ́. Wei, Shu àti Wu ló pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ìjọba Han wó ní ọdún 220. Ṣùgbọ́n Luo Guanzhong, tí wọ́n gbà pé ó kọ ìwé náà, fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan jìnnà sí ogun ọ̀hún. Ìwé àwọn òpìtàn, eré orí ìtàgé àti ẹnu àwọn apìtàn ọjà ló ti ṣa ìtàn rẹ̀ jọ.

Ọ̀rọ̀ ọfà ni kí á fi wò ó. Ní 213, Sun Quan, olórí Wu, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ yọjú wo ibùdó Cao Cao, ọ̀tá rẹ̀, ọ̀gágun àríwá tó fi ìpìlẹ̀ Wei lélẹ̀. Wọ́n rọ̀jò ọfà lé e lórí, ọfà sì wọ ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà lára títí tó fi fẹ́ dojú dé. Sun Quan ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì náà gba tirẹ̀. Ìwọ̀n dọ́gba, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò wá ọfà wá o; ẹ̀mí rẹ̀ ló ń wá.

Àwọn apìtàn gbé e lọ sí ogun Chibi ti ọdún 208, wọ́n sì fún Zhou Yu, ọ̀gágun Wu. Ìwé Luo wá gbà á lọ́wọ́ òun náà. Zhou Yu di onílara tó ní kí Zhuge Liang, agbaninímọ̀ràn ẹgbẹ́ Shu tí wọ́n jọ ń bá Cao Cao jà, wá ọfà 100,000 láàárín ọjọ́ 10, kó lè rí ẹ̀sùn pa á. Zhuge ní ọjọ́ 3 ti tó. Ní òru ọjọ́ kẹta, nínú kùrukùru, ó kó ọkọ̀ 20 tí wọ́n to ìdì koríko gbígbẹ sí lọ, ìlù ń dún, òun ń mu ọtí. Ẹ̀rù ẹ̀tàn ba Cao Cao, ó ní kí wọ́n máa ta. Zhuge sì yí àwọn ọkọ̀ padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì gba ọfà: ọgbọ́n Sun Quan gan-an nìyẹn, kò sọnù.

Zhou Yu ni wọ́n yàn jẹ jù. Òun ló ṣáájú ogun Wu tó lé Cao Cao ní Chibi, àwọn òpìtàn sì pè é ní ẹni tí inú rẹ̀ gba èèyàn. Ṣùgbọ́n Shu ni ìwé yìí ń gbè lẹ́yìn, Mao Zonggang àti bàbá rẹ̀, tí wọ́n tún ìwé náà ṣe láàárín ọdún 1600 sí 1700, sì tún fi kún un. Zhang Xuecheng, ọ̀mọ̀wé ayé ìjọba Qing, ní ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ òótọ́, mẹ́ta jẹ́ àròsọ, ó sì ṣàròyé pé àwọn òǹkàwé kì í mọ èwo ni èwo.