Wọ́n Ṣí Ọjà, Wọn Ò Sọ Pé Àrùn Ti Lọ

"Bí àrùn yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, ṣé ìjọba á ní ká ṣí ọjà ni?"

Ìyá tó ń ta èlùbọ́ fún wa ní Ọjà Ọba, níbí l'Óṣogbo, ló bi mí ní ìbéèrè yìí nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé tí wọ́n ṣe nítorí àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀. Bó ṣe ń bi mí ló ń bu èlùbọ́ sínú kóńgò, ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ìbéèrè ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn kó tó bi mí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ kórópe tó gbé mi láti Ọláìyá, mo sì tún gbọ́ ọ nílé lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ. Láti ìgbà yẹn wá, àrùn yòówù kó jà, bí wọ́n bá ti ní káwọn èèyàn máa jáde, ọ̀rọ̀ náà á tún yọjú: wọ́n ti ṣí ìlú, ó ti tán.

Kò tán. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé èrò yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ó ní ibi tó ti wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà. Nílùú tí wọ́n ti ń ṣe Orò, bí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á kéde pé kí obìnrin wọlé kí wọ́n sì tilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá tún ṣí, a jẹ́ pé Orò ti kọjá lọ, kò sẹ́ni tó máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò: ìgbà tó bá dá la máa ń jáde. Lójú wa, ìsémọ́lé àti ewu jọ ń rìn ni, bí ọ̀kan bá ti kúrò, èkejì náà ti kúrò. Ìgbà tí wọ́n wá ní ká wọlé nítorí Kòrónà, tí wọ́n sì tún ní ká jáde, báwo la ò ṣe ní rò pé ohun tó wà níta ti kọjá?

Ara èèyàn ni àrùn yìí ń gbé, kì í gbé ojú títì. Inú imú àti ọ̀fun ló ti ń bí sí i. Èémí, ọ̀rọ̀, orin àti ikọ́ ló fi ń kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Nígbà tí a wà nílé, ohun tó mú kí iye àwọn tó ń kó o dín kù ni pé kò rí ọ̀nà gbà. Kò kú. Bí gbogbo wa bá wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí a fún ara wa mọ́ra, ọ̀nà tó ti ń wá látọjọ́ yìí la là fún un yẹn.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣí ọjà? Ebi ni. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, torí mo mọ ilé tí wọ́n ti ń pín gààrí kóńgò kan fún ọjọ́ mẹ́ta lásìkò yẹn. Alákàrà, ọlọ́kadà, ẹni tó ń ran aṣọ, owó òòjọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé òfin máa bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ l'Ékòó, l'Ógùn àti l'Ábújá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ìnira tí ìsémọ́lé ti kó bá ọrọ̀ ajé wà lára ohun tó sọ. Kò sọ pé àrùn ti lọ. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti pàṣẹ kí àwọn èèyàn máa lo ìbòmú níta, kí ẹnikẹ́ni má sì rìn láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Apá àkọ́kọ́ la gbọ́. Apá kejì kò wọ̀ wá létí.

Ìdí míì wà tí èrò yìí fi ń tan èèyàn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù sí mi. Àwa ará Òṣogbo ló yẹ kó tètè yé jù, torí ìlú aró ni ìlú wa.

Ẹ lọ dúró ti aláró kan kẹ́ ẹ wò ó. Bó bá ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró tó sì kọ́kọ́ fà á yọ, àwọ̀ tí ẹ máa rí á dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní aró ò mú un. Aláró ò ní bá a jiyàn, á kàn sá aṣọ náà sí atẹ́gùn. Díẹ̀díẹ̀ ni atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣú, títí á fi di aró tí gbogbo ayé mọ̀. Inú ìkòkò ni aṣọ ti gba aró. Ojú wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Bí Kòrónà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó kó o lónìí, ó sábà máa ń tó bí ọjọ́ márùn-ún kí ara rẹ̀ tó sọ fún un, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 14. Nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná ló ti lè máa kó o ran ẹlòmíì. Àwọn míì tiẹ̀ wà tí kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ tí wọ́n á máa tàn án kiri. Lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, ó tún lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í há ẹni tó máa há. Ẹ wá ro gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn pọ̀. Iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò lónìí, ohun tí a ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń ròyìn. Lọ́sẹ̀ tí ọjà bá ṣí, iye náà á ṣì kéré, torí àwọn ọjọ́ tí a fi wà nílé ló ń sọ. Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? A ti jáde, kò sì ṣe nǹkan kan." Aṣọ sì ti wà nínú ìkòkò.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ti rí i kòrókòró. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ olóògbé kan ládùúgbò wọn. Èrò ò pọ̀, wọn ò ju bí ogún lọ, àmọ́ inú pálọ̀ kan ni gbogbo wọn há mọ́ torí òjò ń rọ̀, wọ́n sì ti fèrèsé pa. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ara Àǹtí le koko, ó ń se ẹ̀wà tà bó ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ṣí ike irú kó lè se ọbẹ̀ alẹ́. Ó gbé e sún mọ́ imú, kò gbóòórùn ohunkóhun. Irú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà! Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Ọmọ náà ń wò ó tìyanutìyanu, torí òórùn irú ọ̀hún ti gba gbogbo ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni àyà ìyá yẹn ti já. Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn tó ti bu ẹ̀wà fún láti ọjọ́ mẹ́ta: ìyá tó lóyún, àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí, bàbá tó wà ní yàrá iwájú. Ó ń kà, ó ń sunkún.

Bàbá tó wà ní yàrá iwájú yẹn ni ó mú jù. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òun tí kò tíì jáde lọ síbì kankan látìgbà tí Kòrónà ti dé.

Ẹ jẹ́ ká wo iye náà ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún tí òfin dẹ̀, àwọn tí àjọ NCDC, tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, ti kà kò tíì tó 3,000. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, ó ti lé ní 25,000. Ẹnì kan á ní torí pé àyẹ̀wò pọ̀ sí i ni. Àyẹ̀wò pọ̀ sí i lóòótọ́, ó sì ní iye tó fi kún un, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kì í sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di ẹni tí èémí ń há. Nígbà tó ṣe, iye náà rọlẹ̀, a tún ní ó ti tán. Kérésì dé, àwọn ará Èkó wálé, gbọ̀ngàn ayẹyẹ kún, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021, ọjọ́ wà tí wọ́n ka ju 2,000 èèyàn lọ láàárín wákàtí 24, iye tí a kò rí rí ní gbogbo ọdún 2020.

Ẹni tó bá sì ní ìtàn àwọn òyìnbó ni Kòrónà, kó wo Ẹdẹ, ìlú tó múlé gbè wá. Ilé ìwádìí ACEGID, tó ń yẹ àbùdá kòkòrò àrùn wò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi darí nígbà yẹn, wà níbẹ̀, ní Yunifásítì Redeemer's. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka odidi àbùdá kòkòrò yìí nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù Kẹta ọdún 2020, látara ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn tó ṣáájú wa náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú kan jà káàkiri ayé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó nínú oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ ojú irin sì wà lára ohun tó gbé e wọ àárín ilẹ̀. Ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi òfin dè é pé kí gbogbo èèyàn lo ìbòmú. Aláìsàn dín kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, fèrè dún káàkiri ìlú, àwọn èèyàn bọ́ ìbòmú, wọ́n jù ú sójú títì tayọ̀tayọ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1919, wọ́n tún ní kí wọ́n lọ wá a dé, torí àrùn ti padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ á ní: "Èmi jókòó lọ́jà lójoojúmọ́, mi ò kó o." Òótọ́ lè ni. Ẹ jó tùràrí lójúde, kó tó pẹ́ ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jó o nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn wákàtí kan á ṣì gbóòórùn rẹ̀. Bí èémí aláìsàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìsọ̀ Ọjà Ọba tí atẹ́gùn ń gbà kọjá sàn ju pálọ̀ fìdáù lọ fíìfíì, ó sì sàn ju kórópe tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa nítorí òjò. Ohun tó ń yọ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ibi tó jókòó sí, àti ọjọ́ orí rẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀dọ́. Kì í ṣe pé àrùn ò sí. Àwọn àgbà ìlú wa mọ èyí: nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọn ò jẹ́ kí èrò wọ́ tẹ̀lé Arugbá bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n dín èrò kù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kan ẹ̀rọ omi mọ́ nídìí, tí wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Nínú oṣù Kẹrin, tí kò sí ẹni tó ń jáde, omi kún inú wọn, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú oṣù Keje, tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, mo dúró ti ọ̀kan: ọṣẹ ti gbẹ, ó ti là sí méjì, aláǹtakùn ti ta okùn sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbà tí ìlú ṣí gan-an ni bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ní iṣẹ́. Ìgbà yẹn náà ló yẹ kí ìbòmú kúrò lábẹ́ àgbọ̀n kó bo imú, kí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná jókòó sílé, kí àwa tó kù sì máa ṣòwò wa lójúde.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Àǹtí tó gbóòórùn irú padà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bó bá wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni tí èèyàn ti kún, á kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, á sì ṣí fèrèsé kó tó jókòó.