Ẹ Jẹ́ Kó Sọ̀ Kalẹ̀ Lẹ́yìn Yín

Ọ̀dọ́kùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó síwájú mi. Mo bi àbúrò léèrè irú iṣẹ́ tó wù ú. Kò dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yíjú sí. Kíá nìyẹn fèsì: "Ẹ má bínú, kò mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ dáadáa." Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń bá a kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, òun ló ń bá a pe àwọn agbanisíṣẹ́, òun náà ló ń bá a bẹ̀ wọ́n nígbà tí kò bá lọ síbi tí wọ́n pè é sí. Ọdún kẹta rèé. Àbúrò ò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ohun tí èmi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn jù bẹ́ẹ̀ lọ: tó bá pẹ́ lẹ́yìn jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ò lẹ́sẹ̀ ni.

Lọ́dún 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn arúgbó ní ewéko inú ìkòkò. Wọ́n ní kí àwọn kan fọwọ́ ara wọn mú èyí tó wù wọ́n, kí wọ́n máa bomi rin ín, kí wọ́n sì pinnu bí yàrá wọn ṣe máa rí. Àwọn yòókù gba ewéko tiwọn náà, àmọ́ nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn tó ń tọ́jú ewéko wọn fúnra wọn yá gágá ju tàwọn tí wọ́n ń ṣìkẹ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó fìyà jẹ àwọn wọ̀nyẹn o. Ìkẹ́ yẹn gan-an ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìwádìí kejì máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀. Richard Schulz ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa lọ kí àwọn arúgbó fún bí oṣù méjì. Ó ṣe àwọn arúgbó tó mọ ìgbà tí àlejò ń bọ̀, àti àwọn tó ń dá ìgbà náà fúnra wọn, láǹfààní gan-an. Ìbẹ̀wò parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àwọn arúgbó wò lẹ́yìn ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó jàǹfààní jù yìí náà ni nǹkan wọn jó rẹ̀yìn. Torí náà, kí ẹ tó dáwọ́ lé ríran ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ ro ọjọ́ tí ẹ máa dáwọ́ dúró, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì pariwo ìrànlọ́wọ́ yín. Lọ́dún 2000, Niall Bolger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn olólùfẹ́ tó ń gbé pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń di lọ́yà, máa kọ ohun tó ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹnì kejì ṣe, tí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò ò tiẹ̀ fura sí, ló ràn án lọ́wọ́ jù. Èyí tó hàn sí i sábà máa ń dá kún ìdààmú rẹ̀, torí ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ fún un pé apá rẹ̀ ò ká a.

Mi ò sọ pé kí ẹ kawọ́ gbera o. Ẹni tí omi ń gbé lọ, ẹ fà á jáde, ẹ má bi í pé irú ọwọ́ wo ló fẹ́. Ẹ̀yin tó sì ń ṣoore kí wọ́n má baà pè yín ní ahun, ẹ rọra: oore tí a fipá mú ara ẹni ṣe kì í tu ẹni tó ṣe é lára.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn pé kó yí padà: kó tó fọwọ́ kan nǹkan, kó kọ́kọ́ bi àbúrò pé, "Èwo lo fẹ́ kí n bá ọ wò níbẹ̀?" Nígbà tí wọ́n padà wá, àbúrò mú lẹ́tà kan dání tó kọ fúnra rẹ̀. Mo ti rí àṣìṣe méjì kí n tó kà á dé ìdajì. Ó dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n náà ti rí wọn, torí ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó ń wo àjà.