Jákẹ́ẹ̀tì awọ tuntun tó dá awuyewuye sílẹ̀: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Jákẹ́ẹ̀tì awọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún àwọn tó ń gun alùpùpù, àwòṣe àtijọ́ ni wọ́n fi rán an: síìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ àyà, kọ́là gbòòrò, bẹ́líìtì nídìí. Àwọn kan tó fẹ́ràn alùpùpù ń yìn ín gidigidi, àwọn mìíràn ní aṣọ òde lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú.

Ta ló kọ́kọ́ rán irú rẹ̀?
Irving Schott ni, ní New York, lọ́dún 1928. Perfecto ló pè é, dọ́là 5.50 sì ni wọ́n ń tà á nígbà náà.

Kí ló dé tí síìpù rẹ̀ fi gba ẹ̀gbẹ́?
Nítorí bí ẹni tó ń gun alùpùpù ṣe ń jókòó ni. Tó bá tẹ̀ síwájú sórí táńkì epo, síìpù àárín àyà á ká kò, á sì máa gún un. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ apá kan á gorí èkejì, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé. Bọ́tìnnì etí kọ́là kì í jẹ́ kí kọ́là máa gbá a lójú. Síìpù ọrùn ọwọ́ ń fún ọwọ́ aṣọ pinpin, bẹ́líìtì ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fà sókè. Ohun tí àwọn tó ń yìn ín rí nìyí: kò sí ọ̀kan tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán nínú gbogbo rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Kí wá ni àwọn tó ń bú u rí?
Inú rẹ̀ ni wọ́n wò. Tìmùtìmù ààbò wà léjìká àti ìgúnpá, àmọ́ àpò tó yẹ kí tìmùtìmù ẹ̀yìn wà ṣófo, lẹ́tà “A” sì ni àmì ìpele ààbò tí wọ́n rán mọ́ ọn.

A ṣáà ni. Ṣé kì í ṣe òun ló ga jù?
Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, EN 17092, pín aṣọ alùpùpù sí ìpele márùn-ún. AAA ló ga jù, AA ló tẹ̀ lé e, kó tó wá kan A. B kò yàtọ̀ sí A tó bá kan kí aṣọ fara gbo títì, àmọ́ kò ní tìmùtìmù. Iṣẹ́ C kò ju kó gbé tìmùtìmù dúró síbi tó yẹ. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ mìíràn ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: àmì CE, ìyẹn àmì pé ọjà bá ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù mu, tó wà lára tìmùtìmù, ti tìmùtìmù nìkan ni, EN 1621-1 sì ni ìlànà tirẹ̀. Kò jẹ́rìí sí awọ tàbí òwú jákẹ́ẹ̀tì náà rárá. Bí òǹtàjà bá ní “CE wà lára rẹ̀”, ẹ béèrè pé lára kí ni.

Ṣé awọ tó nípọn ló dájú jù?
Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 1.2 sí 1.4 ló wọ́pọ̀ lára èyí tí wọ́n ṣe fún alùpùpù. Awọ ewúrẹ́ lè fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kó sì le dáadáa. Ti ọmọ àgùntàn rọ̀, ó dùn ún wọ̀, àmọ́ kíá ló ń ya. Ojú rírán ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò jù, torí bó bá tú léjìká nígbà tí títì ń wọ́ èèyàn lọ, nínípọn awọ ò wúlò mọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n rán ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta.

Mo wọ̀ ọ́ wò, ó kúrú, ó sì le bíi pákó. Ṣé kí n dá a padà?
Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jókòó sórí alùpùpù, kẹ́ ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń gùn ún lọ. Tí ọwọ́ aṣọ bá dé ọrùn ọwọ́, tí tìmùtìmù sì dúró lórí ìgúnpá láìyẹ̀, ó bá yín mu. Awọ á rọ̀ tó bá yá.

Tí òjò bá pa á ńkọ́?
Ẹ gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí iná àti oòrùn.

Mo ti rà á. Ṣé ó léwu ni?
Tó bá jẹ́ ìrìn pẹ̀lẹ́ nígboro ni, ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ra tìmùtìmù ẹ̀yìn tó bá àpò rẹ̀ mu, tí EN 1621-2, ìlànà tìmùtìmù ẹ̀yìn, wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ òpópónà márosẹ̀ lẹ máa ń gbà, níbi tí eré ti ń pọ̀, AA tàbí AAA ni kẹ́ ẹ wá. Wọ́n ń fi àwòṣe àtijọ́ kan náà rán wọn.